Ẹ gbà mí o, a fẹ́ ní ilé tiwa l'Abuja ṣùgbọ́n owó ò dúró

Àbẹ̀kẹ́_Kubwa · Ọjọ́ Ajé, 6:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á. Ọdún kẹsàn-án rèé tí èmi àti dádì àwọn ọmọ ti ń gbé ní Kubwa, yàrá méjì àti pálọ̀, lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lándílọ́ọ̀dù ti lẹ́tà gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni tó ń sá, pé owó ilé ti kúrò ní 1.1 mílíọ̀nù, ó ti di 1.5. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo gbé fóònù, mo ro gbogbo owó ilé tí a ti san látìgbà tó wà ní 400k, ó lé ní mílíọ̀nù 6. Mílíọ̀nù 6 o! Nǹkan kan báyìí tí mo lè pè ní tèmi lára ilé yẹn, kò sí, àfi ìṣó tí mo fi kọ́ kàlẹ́ńdà.

A ti pinnu pé láàrin ọdún 3, ó kéré tán ká ti ní ilẹ̀ ká sì ti bẹ̀rẹ̀, bóyá Kuje, bóyá apá Lugbe lọ́hùn-ún, tàbí ká rí ilé kékeré tí ẹnì kan kọ́ dé ìdajì ká rà á. Ibi tó ti dun ni pé owó ò dúró. Ìjọba ni mò ń ṣiṣẹ́ fún, ọkọ mi wà ní kọ́ńpìnì aládàáni, tí a bá pa á pọ̀ bí 560k ló ń wọlé. Ẹ wo bó ṣe ń jáde: oúnjẹ 130k, epo mọ́tò 115k (Corolla àtijọ́ ni, Kubwa sí Central Area lójoojúmọ́), iná 35k, gáàsì 18k, owó ilé-ìwé ọmọ méjì tí mo bá pín in sí oṣooṣù 48k, owó ilé 92k, dátà àti tẹlifíṣọ̀n 25k, ìyá ọkọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ 30k. Ẹ rò ó pọ̀, 493k ni. Ó yẹ kí 67k máa ṣẹ́kù lóṣooṣù, àbí? Ọlọ́run gbọ́, mi ò tíì fojú kan 67k yẹn rí. Tó bá ti di ogúnjọ́ oṣù, èmi àti ọkọ mi á máa yá owó lọ́wọ́ ara wa.

Kí lẹ rò pé ká gé? Ẹ má bú mi o.

Dèjì_Lokogoma · 6:40 àárọ̀

Ẹ ta Corolla. Ọ̀rọ̀ ti tán.

Adúnní_Nyanya · 7:55 àárọ̀

Dèjì, o ò tíì níyàwó, sinmi.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, mo mọ ibi tí 67k yín wà nítorí tèmi náà gbé níbẹ̀ rí. Ẹ lọ gba státímẹ́ǹtì oṣù 3 ní báǹkì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ẹ má wò ó nínú fóònù, torí nínú fóònù ojú á kàn máa sáré kọjá. Èmi fi báírò pupa fa ìlà sí gbogbo ohun tí mi ò lè rántí. Ojú tì mí. POS 100 náírà, POS 200 náírà, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá lóṣù kan, torí pé mi ò kì í gba owó ọjà lẹ́ẹ̀kan. Tiránsífà sí Mállàm oníṣúyà, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Àbúrò mi ní kí n fi 5k ránṣẹ́, ó padà ní kí n fi 5k ránṣẹ́. Àmọ́ gbogbo ìyẹn eré ni. Aṣọ ẹbí! Láàrin oṣù 3 yẹn aṣọ ẹbí 5 ni mo rà, owó ìránṣọ ò sí nínú rẹ̀ o, gèlè ò sí nínú rẹ̀, mọ́tò tó gbé wa lọ sí họ́ọ̀lù ò sí nínú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Yorùbá l'Abuja ò lè rí Sátidé tó ṣófo. Ìsọmọlórúkọ, fífi ẹni jẹ olóyè ìlú tí kò ju abúlé lọ, ìrántí ọdún 10 ìyá ìyá ẹnì kan.

Mo wá dìde nípàdé àwọn obìnrin ìjọ wa, mo ní láti òní lọ, ẹni tó bá ń ṣe nǹkan màá mú ẹ́ńfílóòpù wá, màá sì wọ aṣọ tí mo ní nílé. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan ń nu omijé. Wọ́n ní mo ti di ahun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ahun ni mí, ṣé ẹ ti rí ahun tó ń sanwó fún lándílọ́ọ̀dù rí? Ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbé ilé tirẹ̀ sí.

Mọ̀mọ́_Ìlọrin · 8:03 àárọ̀

😂😂 Adúnní, màá jí èyí lò.

Baba_Lugbe · 12:31 ọ̀sán

Ìyàwó wa, ẹ kú ìnáwó. Èmi ti fẹ̀yìntì, mo ní àyè láti kọ̀wé gùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara mọ́tò tí ọmọ yẹn ní kí ẹ tà. Kò burú tó bó ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Lọ-bọ̀ Kubwa sí Central Area lé ní kìlómítà 50, pẹ̀lú gósílò, Corolla àtijọ́ á mu lítà 5 sí 6. Kí 2023 tó dé, epo ò tó 200 náírà lítà kan. May ọdún yẹn ni wọ́n ní ìrànwọ́ orí epo ti tán, nígbà tó fi máa di July, 617 la ń rà á l'Abuja níbí, ẹ sì mọ ibi tó dé látìgbà náà. Ìgbésí ayé ìgbà 200 náírà lẹ ṣì ń gbé lórí epo ìsinsìnyí. Ṣé iléeṣẹ́ yín ò ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni? Tó bá ní, kí ìyàwó wọ bọ́ọ̀sì. Kí ọkọ máa gbé mọ́tò lọ ní ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, kó sì kó èèyàn méjì mẹ́ta ládùúgbò tí wọ́n jọ ń lọ ọ̀nà kan náà, kí wọ́n jọ dá owó epo. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ṣe é fún ọdún 6, láti Lugbe. Ọ̀kan nínú wọn máa ń pẹ́, a máa ń fi í sílẹ̀. Ó kọ́gbọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kejì, iná. Ṣé fíríísà ńlá wà nílé yín? Mo mọ̀ pé ó wà. Ṣé Band A ni yín, àwọn tí wọ́n ní kó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́? Nígbà tí wọ́n gbé e dé ní April 2024, yúnìtì kan fò láti bí 68 náírà sí 225, wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà ṣùgbọ́n kò padà wálẹ̀ sábẹ́ 200. Ẹ ṣe báyìí: lálẹ́, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára mítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ wò ó. Lálẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ yọ fíríísà, ẹ tún wò ó. Tèmi nílé, fíríísà nìkan ń jẹ yúnìtì 3 lójúmọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Kí ló sì wà nínú rẹ̀? Ẹja kílò méjì, omi inú ọ̀rá, àti ewédú tí ìyàwó mi ti gbàgbé pé òun gbé síbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ wo pépà owó oṣù yín dáadáa. NHF (National Housing Fund, àpò owó ilé ti ìjọba), 2.5% tí wọ́n ń yọ, kì í ṣe owó orí. Látinú òfin 1992 ló ti wá, owó yín ni, Federal Mortgage Bank ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ti san án fún oṣù 6 lè tọrọ owó ilé. Wọ́n ti gbé òkè rẹ̀ dé 50 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n kí ẹ má lọ máa jó o, owó oṣù yín ni wọ́n máa wò, wọn ò ní jẹ́ kí sísan rẹ̀ ju bí ìdá mẹ́ta owó oṣù lọ. Tí owó oṣù yín bá jẹ́ 150k, tí ó sì ku bí ọdún 24 kí ẹ tó pé 60, ohun tí ẹ lè gbà ò ju bí mílíọ̀nù 7 sí 8 lọ. Kò lè ra ilé odindi fún yín. Ṣùgbọ́n ó lè parí ilé tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, èlé rẹ̀ ò sì tó ti báǹkì lásán, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n á béèrè lọ́wọ́ yín ni ìwé ilẹ̀ tó dájú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣubú sí.

Ẹ tún wo owó ìfẹ̀yìntì. Láti September 2022, PenCom, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti gbà kí ẹni tó ti san fún oṣù 60 lo 25% ohun tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀ fún owó ìbẹ̀rẹ̀ ilé tó fẹ́ fi mọ́géèjì (owó ilé tí báǹkì ń yáni) rà. Tọkọtaya lè ṣe é pọ̀. Owó yẹn kì í tọ ọwọ́ yín, wọ́n á san án fún ẹni tó ń ta ilé gba ọ̀dọ̀ báǹkì. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí lèèyàn á wá jẹ lọ́jọ́ ogbó. Èmi tó ti dàgbà ń sọ fún yín, ẹni tí kì í san owó ilé lọ́jọ́ ogbó ti jẹun dé ìdajì.

Dèjì_Lokogoma · 12:50 ọ̀sán

Baba, ẹ ṣé gan-an ni sà. Mo fa ọ̀rọ̀ mọ́tò sẹ́yìn. Àmọ́ kí wọ́n kó lọ Mararaba ńkọ́? Owó ilé tí wọ́n ń san ní Kubwa á gba flat méjì lọ́hùn-ún.

Adúnní_Nyanya · 1:15 ọ̀sán

Dèjì, wá bá mi jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ọ̀la, kí o wá rí ọ̀nà Nyanya. Èmi tó sún mọ́ ìlú ju Mararaba lọ, aago méje alẹ́ ni mò ń délé, ọmọ mi á ti sùn sórí iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Ohun tí mo jèrè lórí owó ilé, mo san án fún ẹni tó ń bá mi mú ọmọ ní ilé-ìwé, mo san ìyókù fún búrẹ́dì àti ẹyin tí mò ń jẹ nínú gósílò torí ebi. Kó lọ ibi tó jìnnà tí iṣẹ́ yín bá wà lọ́hùn-ún. Tí kò bá sí lọ́hùn-ún, ẹ jókòó sí Kubwa kí ẹ bá lándílọ́ọ̀dù dúnàádúrà.

Mọ̀mọ́_Ìlọrin · 3:20 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ torí ọjà ni mo ti dàgbà.

130k fún èèyàn mẹ́rin, mùdù mùdù (abọ́ tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà) lẹ ń rà nìyẹn. Ẹni tó ń ra mùdù ló ń bá oníṣòwò san owó ṣọ́ọ̀bù. Báyìí tí ẹ̀wà tuntun ń bọ̀ lóko, ẹ wá èèyàn mẹ́ta, kí ẹ jọ lọ sí ọjà ọjọ́ ọjà, Gwagwalada dára, Keffi dára bí ẹ bá rí ẹni gbé yín, ẹ ra àpò, ẹ jọ wọ̀n ọ́n pín. Èyí tí wọ́n ń tà fún mi ní 2,000 náírà mùdù kan nínú àdúgbò, nígbà tí a pín àpò, ó bọ́ sí 1,450. Kí ẹ tó gbé e sílé, ẹ sá a sóòrùn dáadáa, ẹ kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ ṣáráṣárá, ẹ da ata gbígbẹ sí i, ẹ dé e pa kí atẹ́gùn má wọ̀ ọ́. Kòkòrò ò ní dé ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà yín o, mo bẹ̀ yín.

Tòmátì, kí ẹ má rà á lọ́pọ̀ nígbà òjò, owó rẹ̀ máa ń bú èèyàn láti June lọ. Ẹ dúró de January sí March, ẹ lọ sí ọjà èso Zuba ní ìdájí, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é kí omi rẹ̀ gbẹ, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò. Àlùbọ́sà náà bẹ́ẹ̀. Àríwá là ń gbé, ibi tí oúnjẹ ti ń wá, ṣùgbọ́n à ń rajà bí ẹni tó wà ní Victoria Island. Ó máa ń yà mí lẹ́nu.

Àbẹ̀kẹ́_Kubwa · 9:47 alẹ́

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ka ti Baba fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín nígbà tó dé ibi ewédú inú fíríísà, torí tiwa ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni. Ó gbà lórí mọ́tò, ó gbà lórí fíríísà. Ibi tí a ti jà ni 30k ìyá rẹ̀. Mo kàn ní ṣé a ò lè sọ ọ́ di 15k fún ọdún 3 yìí ni, kí ilé lè dúró. Ó dìde kúrò lórí àga. Ó ní òun lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Central Area ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan owó ìyá òun. Látìgbà náà a ò sọ̀rọ̀ ju "omi ti gbóná" lọ.

Dèjì_Lokogoma · 9:58 alẹ́

Ìmọ̀ràn ni mo fẹ́ gbà yín, ẹ máa tọ́jú díẹ̀ díẹ̀ sí àkáǹtì tí ọkọ ò mọ̀. Àwọn àǹtí mi gbogbo ló ń ṣe é.

Baba_Lugbe · 10:20 alẹ́

Dèjì, bí mo bá rí ọ, màá fà ọ́ létí. Ilé tí ẹni méjì máa gbé, ẹnì kan kì í fi àṣírí kọ́ ọ. Ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn bá rí áláàtì kan ṣoṣo lójú fóònù, gbogbo bọ́ọ̀sì tí ìyàwó wọ̀ ti di òfo. Ìyàwó wa, ọkọ yín ò ṣẹ̀. Ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ sì wá ọ̀nà mìíràn.

Mọ̀mọ́_Ìlọrin · 10:41 alẹ́

Ọ̀nà mìíràn wà o! Kí lẹ rò pé ìyá ń fi 30k ṣe l'Ógbómọ̀ṣọ́? Oúnjẹ ni. Ẹ̀wà àti àlùbọ́sà tí wọ́n ń rà lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ń lọ, lẹ́yìn tí ẹni mẹ́rin ti jèrè lórí rẹ̀. Ẹ ra àpò ẹ̀wà kan fún wọn ní àsìkò tó pọ̀ yìí, ẹ gbé e sí ọkọ̀ tó ń lọ, kí ẹ wá fi owó oṣù wọn sí 15k. Kí ọkọ yín pè wọ́n fúnra rẹ̀ kó sì sọ ìdí, pé ilé la fẹ́ kọ́. Ìyá wo ni kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ kọ́lé?

Alhaji_Kaduna · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Ẹ kó wá sí Kaduna kẹ̀, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ tó báyìí. Mo ti kọ́ tèmi ní 2016 😄

Jìnádù_Bírìkì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:15 alẹ́

Bírìkìlà ni mí, Kuje ni mò ń gbé. Gbogbo yín ti sọ bí owó ṣe máa kójọ, ẹ ò tíì sọ ibi tó máa lọ. Kí ẹ má tọ́jú náírà sí báǹkì fún ọdún 3 kí ẹ tó ra ohunkóhun. Mo rántí ẹni tí mo ṣírò owó iṣẹ́ fún ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, símẹ́ńtì ò ju bí 5k lọ, ó ní kí n jẹ́ kí òun kó owó jọ pé. February 2024 ó pè mí, àpò ti sún mọ́ 10k. Owó rẹ̀ pé lóòótọ́, ilé rẹ̀ ni kò pé mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún èèyàn pé tí owó ilẹ̀ bá ti pé, kó ra ilẹ̀. Kó wá máa ra irin àti bíríkì díẹ̀ díẹ̀. Símẹ́ńtì nìkan ni kò gbọ́dọ̀ rà sílẹ̀, á dì.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Èmi náà jìn sí kòtò. Ẹ́jẹ́ǹtì kan mú mi lọ sí ilẹ̀, ó gbé ìwé tí baálé abúlé fọwọ́ sí fún mi, òǹtẹ̀ pupa wà lórí rẹ̀, ó dùn ún wò. Mo fi fọ́ǹdéṣọ̀n lélẹ̀, mo gbé bulọ́ọ̀kù dé fèrèsé. Wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri, ojú ọ̀nà ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Bírìkìlà tó ń kọ́lé fáráyé, kátápílà wó tirẹ̀. Ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ilẹ̀ FCT (gbogbo agbègbè Abuja) wà, baálé ò lè fún yín ní àṣẹ lórí rẹ̀, ìwé area council (ìjọba ìbílẹ̀) náà, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí lọ́yà lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní AGIS, iléeṣẹ́ tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja wà. Tó bá jẹ́ apá Mararaba tàbí Masaka, ìpínlẹ̀ Nasarawa nìyẹn, NAGIS tiwọn ni wọ́n á lọ. Owó tí lọ́yà máa gbà, ẹ má gé e o, ẹ gé ṣúyà.

Adúnní_Nyanya · 8:22 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ó dùn mí.

Àbẹ̀kẹ́_Kubwa · ọ̀sẹ̀ 7 lẹ́yìn náà

Ẹ̀yin ará ilé, mo dé. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Mo gba státímẹ́ǹtì bí Adúnní ṣe wí. 67k yẹn, aṣọ ẹbí àti họ́ọ̀lù gbé 31k nínú rẹ̀, ìyókù ni tiránsífà kéékèèké, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọkọ mi ń rà fún àwọn ọmọ nígbàkigbà tó bá pẹ́ kó tó dé. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, mo fi í sílẹ̀ fún un. Fíríísà, ẹnì kan ti rà á. Mò ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń kọjá, lọ́sẹ̀ kìíní ó fi mí sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, mo sunkún lójú títì. Ọkọ mi ń kó èèyàn méjì, ọ̀kan ń kọrin nínú mọ́tò ṣùgbọ́n ó ń san owó rẹ̀ lásìkò. Lándílọ́ọ̀dù, a bẹ̀ ẹ́ títí, ó dúró sí 1.3. Oṣù kìíní 41k ló kù, oṣù kejì 96k, tààrà ló wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù iléeṣẹ́ wa, níbi tí mi ò ti lè dédé fà á jáde. Fọ́ọ̀mù NHF náà, mo ti rí i pé orúkọ mi ní àṣìṣe lẹ́tà kan níbẹ̀, mò ń lé e.

Mọ̀mọ́_Ìlọrin, àwa mẹ́ta la lọ sí Gwagwalada. Mo fi àpò ẹ̀wà kan ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ọkọ mi pè wọ́n, ó ṣàlàyé, wọ́n sì gbàdúrà títí káàdì fi tán.

Lọ́sẹ̀ yìí, ìyá pe èmi fúnra mi. Wọ́n ní àwọn wọn ìdajì ẹ̀wà yẹn tà níwájú ilé, ó tán lọ́jọ́ mẹ́rin, àwọn aládùúgbò ń béèrè. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ fi 15k ránṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, kí n fi ra àpò méjì wá.

Mọ̀mọ́_Ìlọrin · 

Yéè! 15k ò ra àpò méjì o, ẹ sọ fún ìyá kí wọ́n fi owó ọjà kún un 😂

Àbẹ̀kẹ́_Kubwa ·

Wọ́n ti fi kún un. Áláàtì rẹ̀ wà lórí fóònù mi báyìí.